Aláìsàn yín wà lórí TPN, oúnjẹ ò wù ú jẹ: bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń dúró ti aláìsàn ní wọ́ọ̀dù iṣẹ́ abẹ, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn "ìgbà wo la máa lọ sílé", ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi àwa nọ́ọ̀sì jù ni "nọ́ọ̀sì, kí ló dé tí ò fẹ́ jẹun?" Àwọn míì á tún bi òdìkejì ẹ̀, "ẹ gbé báàgì oúnjẹ kọ́ fún un látàárọ̀, kí ló dé tó ṣì ń pariwo ebi?" Ìbéèrè méjèèjì dáa, ìdáhùn wọn ò dẹ̀ jìnnà síra.

Irú aláìsàn tí mo ní lọ́kàn bí mo ṣe ń kọ èyí wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa ní Nàìjíríà: ibà jẹ̀funjẹ̀fun ti lu ìfun ẹ̀, wọ́n ti gbé e wọ tíátà, wọ́n ti gé ibi tó bà jẹ́ wọ́n ti rán èyí tó kù pọ̀, dókítà wá ní kò gbọ́dọ̀ jẹ kò gbọ́dọ̀ mu títí ìfun á fi jí. Tó bá jẹ́ ọjọ́ méjì mẹ́ta, kò le. Àmọ́ tí ojú rírán yẹn bá lọ ń jò, tàbí tí ìfun kọ̀ tí ò jí, ọ̀sẹ̀ kan á di méjì, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ TPN (total parenteral nutrition, ìyẹn oúnjẹ tí wọ́n ń gba inú iṣan fún aláìsàn) ti máa ń wọlé.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n gbé kọ́

Dírípù lásán kì í ṣe oúnjẹ o. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ìyẹn dáadáa torí pé àwọn èèyàn wa gbà pé tí nǹkan bá ṣáà ti ń kán wọ ọwọ́ ẹnì kan, ó ń jẹun nìyẹn. Omi dírípù tó ní súgà 5% yẹn, lítà kan ẹ̀, gíráàmù 50 súgà ló wà níbẹ̀, kò ju nǹkan bíi kálórì 200 lọ. Kódà tí wọ́n bá fún un ní lítà mẹ́ta lójúmọ́ kò lè ju 600 lọ, bẹ́ẹ̀ ẹni tó wọn kílò 60 nílò nǹkan bíi 1,500 sí 1,800 lóòjọ́. Kò sí pròtéènì níbẹ̀ rárá, kò sí ọ̀rá. Tó bá ti ń lọ sí ọ̀sẹ̀ kan tó jẹ́ omi yẹn nìkan, tí kò dẹ̀ tíì lè fẹnu jẹun, ẹ bi dókítà ní ráúńdì àárọ̀ pé kí ni ètò oúnjẹ ẹ̀, ẹ má tijú.

TPN yàtọ̀ pátápátá. Báàgì ńlá ni, ó sábà máa ń funfun bíi mílíìkì nítorí ọ̀rá inú ẹ̀, súgà wà níbẹ̀, èròjà pròtéènì wà níbẹ̀, iyọ̀ oríṣiríṣi, fítámì. Ó ki gan-an, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé iṣan ńlá ọrùn tàbí ti àyà lókè ni wọ́n sábà máa ń gbà fi í wọlé, torí iṣan kékeré ọwọ́ ò lè gba èyí tó ki dáadáa, á wú, á máa ta á. Owó ẹ̀ ò kéré, ẹbí ló dẹ̀ sábà máa ń rà á látàpò ara wọn, torí náà ó máa ń ká èèyàn lára tí wọ́n bá rí i pé aláìsàn ò tún fẹ́ jẹun lẹ́yìn gbogbo owó yẹn.

Tí báàgì àkọ́kọ́ bá kéré tàbí tó ń lọ jẹ́jẹ́, ẹ má bínú. Ẹni tí oúnjẹ ti jìnnà sí ara ẹ̀ tipẹ́, tí wọ́n bá da oúnjẹ lé e lórí lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ bíi pòtásíọ́mù àti fósífétì lè já wálẹ̀ lójijì, ọkàn lè dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n fi ń gbé e sókè, wọ́n á máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò, ẹ jẹ́ kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bá fẹ́ gbà, ẹ yé sọ pé wọ́n ń fi ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ṣòwò.

Ohun tó ń ba àwọn ìyá wa lẹ́rù jù ni pé ṣé èèyàn lè wà láàyè láì fi nǹkan kan ẹnu fún ọ̀sẹ̀ méjì? Ó lè wà. Lọ́dún 1968, dókítà oníṣẹ́ abẹ kan tó ń jẹ́ Stanley Dudrick àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Philadelphia, ní Amẹ́ríkà, gbé iṣẹ́ wọn jáde: wọ́n fi oúnjẹ inú iṣan nìkan tọ́ àwọn ọmọ ajá, àwọn ajá náà dàgbà bíi tàwọn ẹgbẹ́ wọn tó ń fẹnu jẹ, wọ́n dẹ̀ lò ó fún ọmọ ìkókó kan tí ìfun ẹ̀ ò ṣeé lò, ọmọ náà ń sanra, ó ń gùn sí i. Lónìí àwọn èèyàn wà ní ìlú ọba tí wọ́n ń lò ó nínú ilé ara wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n á so ó mọ́ra lálẹ́, ilẹ̀ á mọ́, wọ́n á lọ síbi iṣẹ́. Torí náà báàgì yẹn á bá a gbé ara ró. Iṣẹ́ tiyín ni bí ẹnu àti ikùn ṣe máa padà sípò nígbà tí àyè bá yọ.

Kí ló dé tí báàgì ò pa ebi, kí ló dẹ̀ dé tí oúnjẹ ò wù ú

Ikùn ló ń ránṣẹ́ ebi sí ọpọlọ. Tó bá ti ṣófo, ó máa ń tú họ́mónù kan jáde tí wọ́n ń pè ní ghrelin, ìyẹn ló ń sọ fún ọpọlọ pé àkókò oúnjẹ ti tó. Tá a bá wá jẹun, ikùn á fẹ̀, ìfun náà á tú tiẹ̀ jáde bí oúnjẹ ṣe ń kọjá lára ẹ̀, ọpọlọ á gbọ́ pé ó ti tó báyìí. Oúnjẹ inú iṣan ò gba ibẹ̀ kọjá rárá, inú ẹ̀jẹ̀ ló bọ́ sí tààrà. Ìdí nìyẹn tí ẹnì kan lè fi gba gbogbo kálórì tó yẹ ẹ́ kí ebi ṣì máa pa á gidi gan-an, kò parọ́, kì í dẹ̀ ṣe pé wọ́n ta báàgì fèékì fún yín.

Ẹlòmíì, súgà àti ọ̀rá tó ń wọ ẹ̀jẹ̀ láìdúró tọ̀sán tòru ló máa lé oúnjẹ kúrò lọ́kàn ẹ̀. Àìsàn fúnra ẹ̀ náà ń dá kún un: tí kòkòrò bá wà nínú ara, àwọn èròjà tí ara ń tú jáde láti bá a jà làwọn náà ń pa ìfẹ́ oúnjẹ, ẹ rántí bí ibà ṣe máa ń ṣe yín, àmàlà àti gbẹ̀gìrì lè wà níwájú ẹ o ò ní wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Torí náà tí aláìsàn bá ń sọ pé òun ò fẹ́, ẹ má kọ́kọ́ kà á sí agídí.

Nígbà tí wọ́n ṣì ní kó má fi nǹkan kan kan ẹnu

Ibí yìí ni wàhálà pọ̀ sí jù. Ebi ń pa á, ó ń bẹ̀ yín, ẹkún ń gbọ̀n ọ́n, ẹ̀yin náà ò lè wò ó, ẹ wá yọ́ ẹ̀kọ díẹ̀ fún un nígbà tí nọ́ọ̀sì ò sí ńtòsí. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ṣe é. Ojú ibi tí wọ́n rán nínú ìfun yẹn, ohun tẹ́ ẹ bá fi ránṣẹ́ láti òkè ló máa gba ibẹ̀ kọjá, tó bá ń jò, inú ikùn ni ẹ̀kọ yẹn máa dà sí, ó sì lè di tíátà lẹ́ẹ̀kejì. Àgbo tí ìyá àgbà gbé wá nínú fúláàsì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, òun náà wà nínú ohun tí mò ń sọ. Omi àdúrà náà, ẹ fi pa á lórí, ẹ má fún un mu. (Àwọn kan dẹ̀ tún máa ń sọ fún aláìsàn tó ti ń gbààwẹ̀ tipátipá pé kó fi ṣe ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́ta, mi ò mọ ohun tí màá sọ sí ìyẹn.)

Ohun tẹ́ ẹ lè ṣe pọ̀. Ẹ máa bá a fọ ẹnu láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, kó fi búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ fọ eyín àti ahọ́n, kó fi omi yọ ẹnu kó dẹ̀ tutọ́ ẹ̀ dànù, ẹ fi vaseline díẹ̀ pa ètè ẹ̀. Ẹnu tó gbẹ máa ń jẹ́ kí òùngbẹ le ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ bi dókítà bóyá ó lè jẹ ṣingọ́ọ̀mù, torí jíjẹ nǹkan lẹ́nu máa ń tan ìfun jẹ bíi pé oúnjẹ ń bọ̀, ó máa ń ran àwọn kan lọ́wọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, àmọ́ ẹ gbàṣẹ ná. Ẹ jáde síta lọ jẹun tiyín. Mo ti rí ẹni tó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì tó ń jẹ dòdò àti ẹyin níwájú ẹni tí wọ́n ní kó má jẹ, kò dáa. Tí wọ́n bá ń pín oúnjẹ ní wọ́ọ̀dù, tí dókítà bá ti ní kó máa rìn, ẹ mú un rìn lọ sí kọ́rídọ̀ nígbà yẹn, ìrìn náà ń ran ìfun lọ́wọ́ láti jí.

Kẹ́ ẹ dẹ̀ máa fetí sílẹ̀ fún ìsó. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Tí dókítà bá ń bi í pé "ṣé ẹ ti só?", kì í ṣe àwàdà, ìsó ni ọ̀kan lára ohun tó ń fi hàn pé ìfun ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ sọ fún wọn tó bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ dẹ̀ sọ tí ebi bá bẹ̀rẹ̀ sí í pa ẹni tí ebi kì í pa tẹ́lẹ̀, ìròyìn ayọ̀ nìyẹn lọ́pọ̀ ìgbà.

Wọ́n ti ní kó jẹ, kò fẹ́

Kẹ́ ẹ tó fi ipá mú un, ẹ wá ìdí. Ẹ ní kó la ẹnu, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wò ó. Tí nǹkan funfun bá bo ahọ́n àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ tí kì í tètè hó kúrò, ẹ fi han nọ́ọ̀sì, oògùn wà fún un, ẹni tí ẹnu ń ta ò lè jẹun. Tó bá ń sọ pé gbogbo nǹkan korò, ó ń dà bí ẹni lá irin, ẹ wo oògùn tó ń gbà, Flagyl máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an, ara máa bọ́ níbẹ̀ tó bá parí ẹ̀. Tírámádọ̀ àtàwọn oògùn ìrora tó le bíi tiẹ̀ máa ń fa ìrìndọ̀, wọ́n dẹ̀ máa ń dí ìgbẹ́ mọ́ inú, ẹni tí ò tíì yàgbẹ́ látijọ́ mẹ́rin ò lè ráyè oúnjẹ. Ìrora náà, ẹni tí egbò ń dùn ò ronú oúnjẹ. Ọgbọ́n tó ń ṣiṣẹ́ ni pé kẹ́ ẹ bá nọ́ọ̀sì sọ ọ́ kí oògùn ìrora tàbí oògùn èébì wọlé bí ìdajì wákàtí ṣáájú oúnjẹ, kì í ṣe lẹ́yìn tó ti bì.

Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè nípa aago báàgì. Tó bá jẹ́ wákàtí 24 ló fi ń lọ, ẹ bi dókítà bóyá wọ́n lè sọ ọ́ di ti alẹ́, kó máa lọ fún bíi wákàtí 10 sí 14 láti ìrọ̀lẹ́ di òwúrọ̀, kí ọwọ́ àti ọrùn ẹ̀ sinmi lọ́sàn-án kí ebi lè rí ọ̀nà. Àwọn dókítà mọ̀ ọ́n, wọ́n ń ṣe é fún ẹni tí ara ẹ̀ bá lè gbà á, tí súgà ẹ̀ ò bá ń fò sókè sódò. Àmọ́ àwọn ló máa pinnu, àwọn ló dẹ̀ máa dín ìyára ẹ̀ kù ní wákàtí kan tàbí méjì tó kẹ́yìn. Ẹ ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara yín pa á o, ẹ ò dẹ̀ gbọ́dọ̀ yí i kó lè sáré tán. Súgà inú ẹ̀ pọ̀, tó bá sáré jù súgà á gòkè, tó bá dúró lójijì súgà lè já, òógùn á bò ó, á máa gbọ̀n, ojú ẹ̀ á máa ṣú. Tẹ́ ẹ bá mọ̀ pé owó báàgì ọ̀la ò tíì pé, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì kí ti òní tó tán, kí wọ́n lè wá dírípù súgà 10% sílẹ̀ tí wọ́n á gbé kọ́ títí báàgì á fi dé. Owó kì í ṣe ohun ìtìjú ní wọ́ọ̀dù, gbogbo wa la mọ bó ṣe rí.

Ní ti oúnjẹ gan-an, kékeré ni kó jẹ́. Ìfun tí ò ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì ti rẹ̀, ara inú ẹ̀ ti fẹ́lẹ́, kò lè gba àwo ìrẹsì kan. Ṣíbí ọbẹ̀ mẹ́rin márùn-ún lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn wákàtí méjì kẹ́ ẹ tún gbé òmíì wá. Ẹ fi àwo kékeré bù ú, ẹ gbé e dé, ẹ jẹ́ kó jókòó dáadáa, sórí àga tó bá ṣeé ṣe, tí kò bá parí ẹ̀ láàárín ìdajì wákàtí ẹ gbé e kúrò láì sọ̀rọ̀. Oúnjẹ tó tutù tó dì sétí bẹ́ẹ̀dì látàárọ̀, wíwò ẹ̀ lásán ń pa ìfẹ́ oúnjẹ.

Ẹ̀kọ mímu ló sábà máa ń ṣáájú, ó dáa, àmọ́ ògì tó ṣàn lásán ò ní nǹkan púpọ̀ nínú, omi àti sítáàṣì ni. Ẹ jẹ́ kó ki díẹ̀, ẹ po ìyẹ̀fun sóyà tí wọ́n ti yan mọ́ ọn kó jinná dáadáa, tàbí ṣíbí ẹ̀pà lílọ̀ kan, tàbí mílíìkì tí mílíìkì ò bá ń dà á láàmú. Ìfun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí lè kọ mílíìkì, inú á máa kùn, á máa yàgbẹ́ gbuuru, tẹ́ ẹ bá rí ìyẹn ẹ fi sóyà rọ́pò ẹ̀. Ògì kíkan díẹ̀ máa ń dùn lẹ́nu ẹni tí ẹnu ẹ̀ korò ju àdídùn lọ, mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà. Lẹ́yìn ẹ̀kọ, mọ́ínmọ́ín tó rọ̀ tí ata ẹ̀ ò pọ̀, ẹyin, ẹja tẹ́ ẹ ti yọ egungun ẹ̀ nínú omi ọbẹ̀, àmàlà kékeré pẹ̀lú ewédú. Ẹ fi ẹ̀fọ́ tó ní okùn, àgbàdo àti ẹ̀wà odidi sílẹ̀ ná, pàápàá fún ẹni tí wọ́n yọ ìfun ẹ̀ síta sínú báàgì ìgbẹ́. Málítì àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò táwọn alábẹ̀wò máa ń kó wá, ẹ gbà á, ẹ dúpẹ́, ẹ̀yin kẹ́ ẹ mu ún. Afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ ló máa kún ikùn ẹ̀, á ní òun ti yó, bẹ́ẹ̀ kò jẹ nǹkan kan.

Ẹni tí ìfun tó kù nínú ẹ̀ kúrú, tàbí tí báàgì ìgbẹ́ ẹ̀ ń kún ṣáá, ọ̀rọ̀ omi tiẹ̀ yàtọ̀ o. Bó ṣe ń mu omi lásán sí i ni omi ara ẹ̀ á máa jáde sí i, òùngbẹ á wá túbọ̀ máa gbẹ ẹ́. ORS (omi tí wọ́n po iyọ̀ àti súgà mọ́) ni kó máa mu bí dókítà bá ṣe wọ̀n ọ́n fún un, kó dín omi lásán kù.

Ẹ dẹ̀ jẹ́ kó yan ohun tó fẹ́. Gbogbo nǹkan ni wọ́n ń pinnu fún aláìsàn ní ọsibítù, ìgbà tó máa jí, ìgbà tó máa wẹ̀, ẹ bi í pé "bọ̀dá, kí lẹ máa jẹ, ẹyin ni àbí ẹja?" Ẹ yé sọ pé "ẹ jẹ ẹ́ nítorí Ọlọ́run, ṣé ẹ fẹ́ pa wá ni." Ọ̀rọ̀ yẹn ń sọ oúnjẹ di ìjà, á máa pa ojú dé tó bá ti rí yín pẹ̀lú kúlà.

Oògùn tó ń jẹ́ kéèyàn jẹun tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísì, ẹ má lọ rà á fúnra yín. Cyproheptadine ló pọ̀ nínú wọn, oorun ló máa ń kùn ún, ó ń mú ẹnu gbẹ, ó dẹ̀ lè di ìtọ̀ mọ́ bàbá àgbàlagbà tí prostate ẹ̀ ti wú. Tí dókítà bá rí i pé ó nílò ẹ̀, á kọ ọ́.

Ẹ ra ìwé kan

Ìwé ìkọ̀wé ọmọ iléèwé lásán. Ẹ máa kọ aago, ohun tó jẹ, iye ṣíbí, bóyá ó bì, ìgbẹ́, ìgbà tí báàgì bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó parí. "Ó jẹun díẹ̀" ò sọ nǹkan kan fún dókítà. "Ṣíbí 20 ẹ̀kọ sóyà, ẹyin kan, ìdajì mọ́ínmọ́ín" sọ nǹkan, torí iṣẹ́ ìṣirò ni yíyọ TPN kúrò: tó bá ti ń fẹnu jẹ tó ìdajì ohun tí ara ẹ̀ nílò fún ọjọ́ bíi mélòó kan, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í dín báàgì kù, tó bá ti sún mọ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, wọ́n lè yọ ọ́. Tí dietitian, ìyẹn onímọ̀ nípa oúnjẹ aláìsàn, bá wà lọ́sibítù yín, òun gan-an ni kẹ́ ẹ fi ìwé yẹn hàn. Ẹ ní kí wọ́n máa wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ lórí òṣùwọ̀n kan náà.

Àwọn nǹkan kan wà tí ẹ ò gbọ́dọ̀ dúró de ráúńdì fún. Tó bá ń bì ohun aláwọ̀ ewé, tí ikùn ẹ̀ wú tó le, tí kò só tí kò yàgbẹ́ mọ́, ẹ dá oúnjẹ dúró kẹ́ ẹ pe nọ́ọ̀sì. Tí òtútù bá mú un tó ń gbọ̀n rìrì tàbí tí ara ẹ̀ gbóná lẹ́yìn tí wọ́n so báàgì, ó lè jẹ́ pé kòkòrò ti wọ ọ̀nà iṣan yẹn, kíá kẹ́ ẹ pè wá. Òùngbẹ tí ò lọ pẹ̀lú ìtọ̀ ṣáá, súgà ni kẹ́ ẹ ní kí wọ́n yẹ̀ wò, kódà tí kò bá ní ìtọ̀ súgà tẹ́lẹ̀. Ẹ má dẹ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni, títí kan àwa òṣìṣẹ́, máa gba ọ̀nà TPN yẹn fa ẹ̀jẹ̀ tàbí fi oògùn míì sí i láì jẹ́ pé dókítà pàṣẹ ẹ̀, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè, tí ojú bá tiẹ̀ le sí yín.

Tẹ́ ẹ bá délé, ìfẹ́ oúnjẹ lè má tíì padà tán fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Aago ni kẹ́ ẹ máa tẹ̀ lé nígbà yẹn, ẹ má dúró de ebi: oúnjẹ kékeré mẹ́fà lójúmọ́, láti ìgbà tó bá jí. Tó bá tún ń rù, tàbí tí oúnjẹ ò bá wọlé mọ́ fún ọjọ́ méjì, ẹ má dúró de ọjọ́ kílíníìkì, ẹ gbé e padà wá, kẹ́ ẹ dẹ̀ mú ìwé yẹn dání.